Abala Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá

Ọkọ̀ tó bá gba Ọ̀tọ̀ kọjá lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, tí kò yà síbì kankan, Sẹ̀mẹ̀ ni yóò já sí, ní ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè náà pa. Oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan, Afolabi, tó ti bá àwọn kan ṣàdéhùn ọjà ní Benin, kò rọ́nà kọjá. Ó gbé ìjọba rẹ̀ lọ sí kóòtù ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2004, àwọn adájọ́ ní àwọn ò lè gbọ́ ẹjọ́ náà. Ìwé àdéhùn ọdún 1991 tó dá kóòtù sílẹ̀ ló dè wọ́n lọ́wọ́. Abala kẹsàn-án rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ló lè bá ọmọ rẹ̀ pe orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ́jọ́. Ẹ wá wò ó: Nàìjíríà ni yóò bá Afolabi pe Nàìjíríà lẹ́jọ́!

Àwọn adájọ́ fúnra wọn wà lára àwọn tó béèrè pé kí wọ́n ṣàtúnṣe ìwé àdéhùn náà. Àwọn tó kọ ìwé àtúnṣe náà ṣe é bí aránṣọ tó mọṣẹ́: wọn ò gé aṣọ tuntun, ibi tó ń fún ni nìkan ni wọ́n tú.

Abala kẹsàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò, wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi gbólóhùn kúkúrú kan sí ẹsẹ kẹrin: kóòtù láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó bá ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí. Wọn ò to àwọn ẹ̀tọ́ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tò wọ́n, èyí tí wọ́n bá gbàgbé ni lọ́yà ìjọba yóò dì mú.

Wọ́n wá bọ́ sí abala kẹwàá, èyí tó sọ ẹni tó lè pẹjọ́. Ohun méjì péré ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù: kó má fi orúkọ pamọ́, kí ẹjọ́ kan náà má sì sí níwájú kóòtù àgbáyé mìíràn. Èyí tí wọn ò kọ ló wú mi lórí jù. Wọn ò ní kó kọ́kọ́ lọ gbogbo kóòtù ilé rẹ̀ tán, bí wọ́n ti ń béèrè ní kóòtù Áfíríkà tó wà ní Arusha, níbi tí ìjọba ẹni tún gbọ́dọ̀ kọ̀wé gbà kí ọmọ ìlú tó lè pẹjọ́.

Wọ́n ro ti àkókò pẹ̀lú. Ọdún 1996 ni ìwé ọdún 1991 tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe yìí pé gbàrà tí àwọn olórí bá ti fọwọ́ sí i ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, kí orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tó fòǹtẹ̀ lù ú. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Accra, ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2005.

Ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ni Hadijatou Mani Koraou gbà wọlé, obìnrin Niger tí wọ́n tà lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, kóòtù ní kí Niger san mílíọ̀nù 10 owó sẹ́fà fún un, Niger sì san án.

Abala kẹrìnlélógún ìwé àdéhùn náà ni mi ò lè yìn. Bí wọ́n bá dájọ́ tán, akọ̀wé kóòtù yóò fìwé ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè tó jẹ̀bi, pé kó fi ìlànà ara rẹ̀ mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọn ò tíì ṣe ohunkóhun sí.