Gbọ̀ngàn Inú Àpótí: Lórí Yíyan Ẹ̀rọ Reverb fún Kíbọ́ọ̀dù

Ìwé la sábà máa ń yẹ̀ wò níbí. Lónìí, àpótí la fẹ́ yẹ̀ wò: àwọn àpótí kékeré tí àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá wọn, máa ń fi wáyà so mọ́ kíbọ́ọ̀dù kí ohùn rẹ̀ lè dà bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ló ti ń jáde. Reverb ni gbogbo ayé ń pè é. Gbohùngbohùn kọ́ o. Tí ẹ bá pariwo níwájú òkè, tí òkè dá ọ̀rọ̀ yín padà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tí ẹ lè ka iye ìgbà tó dá a padà, gbohùngbohùn nìyẹn. Ti reverb yàtọ̀. Ògiri dá ohùn padà, àjà dá a padà, ilẹ̀ dá a padà, ìdáhùn wọn wá pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́, gbogbo rẹ̀ di àṣẹ́kù ìró kan tó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó kan àwọn tó ń ka àròkọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdáhùn wa ò jìnnà. Ọ̀pọ̀ àtúnyẹ̀wò tí a ń rí nípa àwọn ẹ̀rọ yìí, àwọn tó ń ta gìtá lókè òkun ló ń ṣe é. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ohùn fẹ̀, kó ga, kó dà bí ìkùukùu. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì tí púpọ̀ nínú wọn fi ń kọrin kì í fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Tiwa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí akọrin bá pe "ìlú" tí a gbọ́ "ìlù", ọ̀rọ̀ ti kúrò ní bóyá orin dùn tàbí kò dùn, ìtumọ̀ ló ti bá ibòmíì lọ. Òṣùwọ̀n tí a óò fi wọn àwọn àpótí yìí nìyẹn, a ò sì tíì rí ẹni tó lò ó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ má bínú, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà la fi ń jẹun. RT60 ni wọ́n ń pe àkókò tó ń gba àṣẹ́kù ìró kó tó lọ sílẹ̀ ní 60 dẹ́síbẹ́lì. Wallace Sabine, olùkọ́ ní Harvard, ló bẹ̀rẹ̀ irú ìwọ̀n yìí ní ìparí ọ̀rúndún 19: ó mú fèrè dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì kan àti aago kan, ó ń kó tìmùtìmù wọ inú gbọ̀ngàn, ó ń kó o jáde, ó ń ka bí ìró ṣe ń pẹ́ tó kó tó kú. Ó dára. Ká ní bọ́tìnnì reverb yín wà ní ìṣẹ́jú-àáyá 3. Ìró ń lọ sílẹ̀ ní 20 dẹ́síbẹ́lì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ká tún ní akọrin ń pe sílébù márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí sílébù kejì bá fi máa dé, àṣẹ́kù ti àkọ́kọ́ ò tíì lọ sílẹ̀ ju 4 dẹ́síbẹ́lì lọ. Ohùn òkè ò tíì kúrò nílé, ohùn ìsàlẹ̀ ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹ wá fà á wálẹ̀ sí 0.8: sílébù kan á ti lọ sílẹ̀ ní 15 dẹ́síbẹ́lì kí èkejì tó dé, àyè sì ti wà. Lóòótọ́, ohùn akọrin gan-an máa ń lágbára ju àṣẹ́kù rẹ̀ lọ, nítorí náà bí ẹ bá ṣe pò ó pọ̀ tó wà lára ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, nọ́ńbà méjì yẹn ti sọ púpọ̀ fún wa nípa ìdí tí orin kan fi ń yéni nígbà tí èkejì kàn ń dún.

Ti ìlù dùndún tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onílù fún ọ̀sán, ohùn yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, inú yíyọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ da reverb gbọ̀ngàn ńlá lé e, gbogbo ibi tí ohùn ti kọjá á jọ dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún lo èyí tí wọ́n ń pè ní shimmer, tó máa ń gbé ìró lọ sókè ní octave kan kó tó dá a padà, ẹ ti fi ohùn òkè tí onílù ò pè kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. A mọ̀ pé shimmer dùn létí, pàápàá lórí kíbọ́ọ̀dù nígbà àdúrà. Kó dúró síbẹ̀. Ká má gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ oríkì.

Ẹ ṣàkíyèsí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti jẹ́ ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn tó ra dùùrù oníná Laurens Hammond ń gbé e sí pálọ̀ wọn àti sí ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké, ohùn rẹ̀ sì ń gbẹ, nítorí kò sí ògiri kàtídírà tó máa dá a padà. Hammond wá fi sípíríǹgì sí i, kí ìró máa gba inú rẹ̀ lọ, kó máa gba inú rẹ̀ bọ̀. Bell Labs ló kọ́kọ́ lo irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ń ṣe àfarawé bí ohùn ṣe ń pẹ́ kó tó dé lórí tẹlifóònù ọ̀nà jíjìn. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí: àìsàn tẹlifóònù ló di ẹwà orin. Ní 1947, Bill Putnam gbé sípíkà àti màìkì sínú ilé ìwẹ̀ sítúdíò rẹ̀ ní Chicago nígbà tó ń gba orin "Peg o' My Heart" àwọn Harmonicats sílẹ̀. Ní 1957, ilé iṣẹ́ EMT ní Jámánì gbé EMT 140 jáde, páànù irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n fi kọ́ sínú àpótí, tí gbogbo rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi 270 kílò. Ohun tí bọ́tìnnì "Plate" ń ṣe àfarawé rẹ̀ nìyẹn lórí gbogbo pedal tí ẹ ń rí.

Ibi tó dùn mọ́ wa jù ni ibi tí kóòdù ti wọ̀ ọ́. Ní 1962, Manfred Schroeder ti Bell Labs kọ bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ṣe reverb: ẹ mú ìró, ẹ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ẹ dín in kù, ẹ dá a padà sínú ara rẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà mélòó kan tí gígùn wọn ò bára mu. Ní ọdún 2000, ẹnì kan tó ń jẹ́ Jezar gbé Freeverb jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Kóòdù rẹ̀ kúrú débi pé ẹ lè kà á tán kí omi ẹ̀bà tó hó. Ọ̀nà mẹ́jọ ló ní fún etí kọ̀ọ̀kan, gígùn wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1116, 1188, 1277, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 1617. Ní ìwọ̀n 44,100, ìyẹn wà láàárín nǹkan bíi 25 sí 37 ìdá-ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdí tí àwọn nọ́ńbà yẹn fi rí wúruwùru ni pé bí wọ́n bá ń pàdé ara wọn lójú kan náà, ohùn á máa dún bí ẹni ń lu agolo. A ka ojú ewé kóòdù yẹn bí ẹni ń ka ewì kúkúrú, a ò sì tijú láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn àpótí fúnra wọn, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àgbà. Alesis MIDIverb jáde ní 1986. Keith Barr ló ṣe é. Ètò 63 ló wà nínú rẹ̀, ẹ kàn máa yan nọ́ńbà ni, kò sí bí ẹ ṣe máa wọ inú ètò lọ tún un ṣe. Àwọn kan á ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àwa fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ ò nílò bọ́tìnnì ogún. Barr ti pinnu fún un bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe máa dún, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀rọ náà bí ọwọ́ òǹkọ̀wé ṣe máa ń wà nínú gbólóhùn. Ìró rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ó ní hóró díẹ̀, kò sì bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀ tí ẹ bá yan àwọn ètò kúkúrú.

Boss RV-6 lọ́nà tirẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí. Ètò mẹ́jọ ló ní, wáyà méjì wọlé, méjì jáde, ẹ lè gbé e sínú àpò. Ẹ̀sùn tí a fi kàn án kò ju ọ̀kan lọ, ẹ̀sùn ńlá sì ni: kò ní bọ́tìnnì pre-delay. Pre-delay ni àkókò tí ẹ̀rọ máa dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ kíbọ́ọ̀dù, kí reverb tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi í sí 30 ìdá-ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ìbẹ̀rẹ̀ sílébù, níbi tí kọ́ńsónáǹtì wà, á ti jáde ní mímọ́ kí àṣẹ́kù tó dé. Nínú gbogbo bọ́tìnnì reverb, bí wọ́n bá ní ká mú ẹyọ kan lọ sí erékùṣù, èyí la máa mú fún èdè Yorùbá.

Strymon BigSky, tó jáde ní 2013, ní pre-delay, ó ní ètò méjìlá, ó rẹwà, ó sì ju 400 dọ́là lọ. Ètò Cloud inú rẹ̀ lè mú kí ẹni tó mọ kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré dà bí ẹni tó jáde láti ilé ẹ̀kọ́ orin. Ìṣòro tí a ní pẹ̀lú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó ń bá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá ẹni tó ń gbọ́ sọ̀rọ̀ lọ. Vangelis lo Lexicon 224 fún orin fíìmù Blade Runner, àṣẹ́kù ńláńlá, ó sì bá a mu, nítorí orin náà ń rìn jẹ́jẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ò sì ní ọ̀rọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi kíbọ́ọ̀dù gbe ohùn ẹlẹ́nu méjì lẹ́sẹ̀, Room àti Plate ló máa lò nínú méjìlá. Ó ti sanwó mẹ́wàá yòókù lásán.

Fún àwọn tí owó wọn ò tó, ìròyìn ayọ̀ wà. Keith Barr yìí kan náà ló ṣe ègé kékeré kan tó ń jẹ́ FV-1 lẹ́yìn tó kúrò ní Alesis, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ pedal olówó pọ́ọ́kú. Ìlà àṣẹ 128 péré ló lè ṣe lórí hóró ìró kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ kóòdù kọ lè kọ yàrá tirẹ̀ sí i. Inú wa á dùn ká rí ọmọ Yorùbá kan tó máa kọ ètò tó bá ohùn mẹ́ta wa mu: kúkúrú, pre-delay dáadáa, kí àṣẹ́kù má máa gbọ̀n rìrì débi tí ohùn á fi yẹ̀.

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi àpótí ṣe nígbà tí software ọ̀fẹ́ wà. Òótọ́ wà níbẹ̀: kọ̀ǹpútà lèyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àpótí náà. Tó bá jẹ́ pé orin tí ẹ ti gbà sílẹ̀ tán lẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ fi owó yín ra màìkì tó dára. Ohun tí àpótí ní ni pé kì í pẹ́. Kọ̀ǹpútà tó ń kó hóró ìró 256 jọ kó tó ṣiṣẹ́ ti jẹ nǹkan bíi 6 ìdá-ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá nígbà tí ìró ń wọlé, á tún jẹ ẹ́ nígbà tó ń jáde. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù kíákíá máa ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kó tó mọ̀ ọ́n létí. Lẹ́yìn náà, àpótí kì í sọ láàárín ìsìn pé òun fẹ́ ṣe update.

Bí ẹ bá ti wá fẹ́ rà, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló kù. Kíbọ́ọ̀dù ń jáde ní sítẹ́ríò, ẹ má ra èyí tó ní ojú ìwọlé kan ṣoṣo. Pedal tí wọ́n ṣe fún gìtá lè máa ya ìró tí kíbọ́ọ̀dù bá lágbára jù, ẹ rọ volume rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ẹ pa reverb inú kíbọ́ọ̀dù náà kẹ́ ẹ tó tan ti ìta, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Yamaha PSR tó kún ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ní tiwọn nínú, yàrá nínú yàrá sì ni ohun tó ń mú kí orin máa dún bíi pé inú kànga ló wà. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ ń rà, pàápàá àwọn Alesis àtijọ́, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa: púpọ̀ nínú wọn ń lo 9V AC, kì í ṣe DC tí gbogbo pedal òde òní ń lò, ádápítọ̀ tó bá wọn wá láti Amẹ́ríkà sì jẹ́ ti iná 110V. Ẹ béèrè ádápítọ̀ 220V tó ń gbé 9V AC jáde lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kó tàn án lójú yín, kẹ́ ẹ pe "ìlú" àti "ìlù" sí i kẹ́ ẹ tó san owó.