Agbára Ọba Louis Kẹrìnlá nínú Ìgbẹ̀yìn Tartuffe

Iṣẹ́ yìí yẹ ìgbẹ̀yìn Tartuffe wò, eré-oníṣe aláwàdà tí Molière kọ ní ilẹ̀ Faransé láyé Louis Kẹrìnlá. Àwọn lámèyítọ́ kan sọ pé ńṣe ni Molière lẹ ìgbẹ̀yìn náà mọ́ eré láti fi yin ọba. A gbà pé ìyìn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni eré náà ti fi bí agbára ọba ṣe rí hàn wá.

Orgon ti fi ìwé òfin gbé dúkìá rẹ̀ fún Tartuffe, alágàbàgebè tó fi ẹ̀sìn bojú. Ìwé náà múlẹ̀. Akọ́dà kóòtù ti wá lé ìdílé Orgon jáde nílé. Tartuffe tún ti gbé àpótí ìwé àṣírí tí ọ̀rẹ́ Orgon fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ lọ fún ọba. Àmọ́ nígbà tí ìránṣẹ́ ọba dé, Tartuffe ló mú. Ó ní ọba ti rí inú ọkàn rẹ̀. Ọba wọ́gi lé ìwé dúkìá náà, ó sì dárí ji Orgon nítorí pé ó dúró tì í nígbà ọ̀tẹ̀. Kò sí adájọ́, kò sí ẹlẹ́rìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ tẹnu Orgon. Inú òǹwòran dùn pé ọwọ́ tẹ ẹni ibi. Inú tiwa náà dùn. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọba fi àṣẹ fà ya lónìí fún ire Orgon, kí ni yóò dáàbò bo ìwé ẹlòmíràn lọ́la? A kò rí ìdáhùn nínú eré náà, èyí sì bà wá lẹ́rù ju Tartuffe lọ.

Ìtàn eré náà fúnra rẹ̀ sọ nǹkan mìíràn. Louis wò ó ní Versailles lóṣù Karùn-ún ọdún 1664, ó gbádùn rẹ̀, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n má ṣe é ní gbangba, nítorí àwọn olùfọkànsìn. Ní 1667, nígbà tí ọba wà lójú ogun ní Flanders, Molière yí àkọlé eré padà, ó sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Olórí Parlement, ilé-ẹjọ́ gíga ìlú Paris, dá a dúró. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà sì halẹ̀ pé òun yóò yọ ẹni tó bá ṣe é, kà á tàbí tẹ́tí sí i nínú ìjọ. Oṣù Kejì ọdún 1669 ni ọba tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ọba tó ń rí ọkàn gbogbo èèyàn lórí ìtàgé lo nǹkan bí ọdún márùn-ún kó tó lè dá aláwàdà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń dúró de àyè ọba yẹn náà ló kọ ọ̀rọ̀ ìyìn tí ìránṣẹ́ ń sọ.