Skansen: Níbi Tí Ilé Àgbẹ̀ Ti Gba Iyì

Adé, idà àti àga ọba ni ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi ń gba àlejò. Ní Skansen, ilé àgbẹ̀ ni. Orí òkè ló wà, ní erékùṣù Djurgården nílùú Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden. Ìta gbangba ni gbogbo rẹ̀ dúró sí: ilé gbígbé, àká, ilé ẹran, ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, àti ṣọ́ọ̀ṣì onígi tí wọ́n kó wá láti Seglora. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 150, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wá láti gúúsù dé àríwá ilẹ̀ náà.

Artur Hazelius, onímọ̀ èdè, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1891. Nígbà tó lọ sí ẹkùn Dalarna lọ́dún 1872, ó rí i pé aṣọ, àga àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará oko ti ń di ìgbàgbé. Ohun èlò ló kọ́kọ́ ń rà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra odindi ilé. Ilé kan láti Mora ló ṣáájú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣeé kó, torí pé ìtì igi ni wọ́n tò léra wọn, tí wọ́n gbẹ́ orí wọn kí wọ́n lè há mọ́ra ní igun ilé. Wọ́n á sàmì sí igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tú u, wọ́n á sì tún un tò níbòmíràn.

Ẹni tó bá rìn yí Skansen ká yóò rí bí ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ṣe ń pàṣẹ fún ẹni tó ń kọ́lé. Ilé Oktorp, tó wá láti Halland ní gúúsù, yí àgbàlá rẹ̀ ká, koríko gbígbẹ sì ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀. Ní àríwá, èèpo igi birch ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ́ sórí ilé, nítorí pé omi kì í gba inú rẹ̀ kọjá; wọ́n á wá gbé koríko tòun ti erùpẹ̀ lé e, kó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àká Vastveit, tó wá láti Norway, ló dàgbà jù níbẹ̀: ó ti wà láti ọ̀rúndún kẹrìnlá.

Àmọ́ inú ilé Älvros, tó wá láti Härjedalen, ni mo fẹ́ kí àlejò ti pẹ́ jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe búrẹ́dì, obìnrin tó wọ aṣọ ayé àtijọ́ á bu ìyẹ̀fun pípò díẹ̀, á fi igi róbótó tí wọ́n gbẹ́ ìlà sí lára yí i títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí ewé. Á ki igi pẹlẹbẹ gígùn bọ abẹ́ rẹ̀, á gbé e sídìí iná. Kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi wú, á sì yí i padà. Búrẹ́dì yìí, bí wọ́n bá jẹ́ kó gbẹ, ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìbàjẹ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń la ìgbà òtútù já.

Ohun tí mo ṣe ń kan sáárá sí Hazelius nìyí. Ó mọ̀ pé ilé tí iná kò jó nínú rẹ̀ mọ́ kò lè sọ ìtàn ara rẹ̀ tán. Ó kó ilé, ó sì kó iṣẹ́ inú ilé mọ́ ọn, tí ìmọ̀ àgbẹ̀ fi ń ti ọwọ́ ìran kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Àwọn tó bọ́ orílẹ̀-èdè kan yẹ lẹ́ni tí à ń bọlá fún bẹ́ẹ̀.