Ère Ìbejì Kì í Ṣe Ọmọláńgidi: Ta Ló Parí Iṣẹ́ Agbẹ́gilére?

Ní ọjà Barking, ní East Street, mo ra ère igi kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù. Kokeshi ni wọ́n ń pè é. Agbègbè Tōhoku, ní àríwá ilẹ̀ Japan, ni irú rẹ̀ ti wá. Kò lápá, kò lẹ́sẹ̀. Orí rẹ̀ rí roboto, ara rẹ̀ rí gbọọrọ, wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì ya ojú àti òdòdó sí i. Mo gbé e sórí tábìlì nílé.

Ní ọjọ́ Sunday kan, màmá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wá kí mi. Bí wọ́n ṣe jókòó, wọ́n ní, "Ìbejì ta lo gbé síbí yìí?" Mo ní, "Rárá o, Mà. Ọmọláńgidi àwọn ará Japan ni." Wọ́n gbé e, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀, wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Ojú ẹ̀ ṣì mú jù. Ẹnì kankan ò tíì wẹ̀ ẹ́." Wọ́n wá sọ fún mi pé Táíwò ni àwọn, pé Kẹ́hìndé àwọn kú nígbà tí àwọn ò tíì mọ nǹkan kan, àti pé ìgbà tí ìyá àwọn bá ń wẹ àwọn náà ló ń wẹ ère Kẹ́hìndé.

Ọ̀rọ̀ màmá yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n lámèyítọ́ mi. Nínú iṣẹ́ tí ẹ máa ń kọ fún mi, ọ̀pọ̀ yín ló ń pe ère ìbejì ní ọmọláńgidi. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ló ń pọn ọmọláńgidi, tó ń fi í ṣeré. Àgbà ló ni ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, òbí á lọ bi Ifá, babaláwo á sì ní kí wọ́n lọ bá agbẹ́gilére. Ọmọ ọwọ́ ló kú, àmọ́ àgbàlagbà ni agbẹ́gilére máa gbẹ́: ọyàn á yọ, ilà á wà lójú, irun á wà ní dídì. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa bọ́ ọ, á fi osùn pa á lára, á fi ẹ̀lú kun irun rẹ̀, á sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn.

Ẹ wò ó dáadáa. Agbẹ́gilére ló dán igi náà, òun ló sì fín ilà àti irun sí i. Nígbà tí ìyá bá ti wẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ rẹ̀ á tún un dán. Ojú á pa rẹ́, imú á tẹ́, ilà á lọ. Èrò tèmi ni pé ìyá ni agbẹ́gilére kejì. Ẹni tó bá fi bí ojú àti irun ṣe mọ́ nìkan díwọ̀n ère ìbejì, ìdajì iṣẹ́ ló yẹ̀ wò. Nínú mùsíọ́mù, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò mọ orúkọ agbẹ́gilére. Mélòó nínú wọn ló kọ ọ́ pé a ò mọ orúkọ ìyá? Síbẹ̀, dídán yẹn wà lára ohun tí àwọn olówó ń san owó gọbọi lé lórí.

Ti kokeshi yàtọ̀. Ìdí odò gbígbóná tí àwọn èèyàn ti máa ń lọ wẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á. Ọmọdé ni wọ́n ń rà á fún tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ. Ẹni tó ní in kì í fẹ́ kí oòrùn pa á, kí ọ̀dà ojú rẹ̀ má bàa ṣá. Ìrántí ìrìnàjò ni, ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá ti pa rẹ́, iyì rẹ̀ dín kù nìyẹn.

Ẹnì kan lè ní igi gan-an ló ṣe pàtàkì. Rárá o. Ní 1973, Marilyn Houlberg kọ ọ́ sínú African Arts pé àwọn kan ti ń lo ọmọláńgidi oníke dípò ère. Ní 1978, nínú ìwé ìròyìn kan náà, Stephen Sprague ṣàlàyé bí oníṣẹ́ fọ́tò ṣe ń tẹ àwòrán ìbejì tó kù ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí fọ́tò kan, kí ó lè di méjì. Igi lè yí padà di ike tàbí fọ́tò. Ìtọ́jú òkú ọmọ ni kò yí padà.

Kò jìnnà sí wa níbí, ní Valence House ní Dagenham, ère igi mìíràn wà tí wọ́n hú jáde nínú ẹrẹ̀ ní 1922. Ó ti lé ní 4,000 ọdún. Òun náà kò lápá. Dagenham Idol ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn òrìṣà Dagenham, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó wà láyé tó lè sọ ohun tí àwọn tó ni ín ń pè é. Àwa ò ní irú àwíjàre bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n wẹ̀ pọ̀ mọ́ ère ìbejì ṣì ń bá wa wọ bọ́ọ̀sì ní Barking.

Mo bi màmá bóyá wọ́n mọ ibi tí ère náà wà. Wọ́n ní nígbà tí ìyá àwọn gba ìgbàgbọ́, wọ́n gbé e fún ẹnì kan, àwọn ò sì rí i mọ́. Mo ní, "Bí ẹ bá rí i lónìí ńkọ́, Mà?" Wọ́n ní ojú kọ́ ni àwọn á fi dá a mọ̀, ọwọ́ ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ "ọmọláńgidi" sínú iṣẹ́ yín mọ́, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn màmá yín nílé. Ẹ rọra bi wọ́n o, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń rántí.