Kọ̀ǹdọ́ Kì í Ṣe Aláwàdà

Ẹ̀yin tèmi nínú ẹgbẹ́, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Nínú àwọn ìtàn tí a ń kà fún ara wa nípàdé, bí òǹkọ̀wé bá ti fẹ́ ká rẹ́rìn-ín, á mú kọ̀ǹdọ́ dáńfó kan wọlé. Kọ̀ǹdọ́ náà gbọ́dọ̀ ti mu ògógóró. Á wá da ọ̀rọ̀ ìgboro sílẹ̀ bí ẹni da àgbàdo, gbólóhùn gígùn gbọọrọ. A ó rẹ́rìn-ín, òun á sì pòórá nínú ìtàn.

Ẹ gbọ́ ná, ta ló rí kọ̀ǹdọ́ tó ráyè sọ gbólóhùn gígùn? Ẹ wo "Ó wà o!" Ẹni tí kò wọ dáńfó rí l'Ékòó á béèrè pé kí ló wà. Dírẹ́bà ò ní béèrè. Ó mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wà lórí bíréèkì. "Ó ń wọlé!" túmọ̀ sí pé má tíì gbéra. "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" ń lé ìjà sá kó tó bẹ̀rẹ̀. Iwájú ni dírẹ́bà ń wò, ẹ́ńjìnì ń pariwo. Ẹni tó rọ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ni ojú ẹ̀yìn fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn jù, èrò lè ṣubú.

A tún máa ń pè é ní èdè àṣírí. Ẹnà ni èdè àṣírí. Nínú irú ẹnà kan, "mo fẹ́ lọ" á di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ", kí ẹni tó wà nítòsí má baà gbọ́ ọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, òǹkọ̀wé Ó Le Kú, ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹnà lọ́dún 1982. Ti kọ̀ǹdọ́ yàtọ̀, torí gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ìyá oníṣòwò tó jókòó lẹ́yìn pàápàá ń ké "Ó wà o!" tó bá ti dé ibi tó ń lọ. Ta wá la fi pamọ́ fún?

Ọ̀rọ̀ tó ń dáàbò bo èèyàn la sọ di ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí. Nínú ìtàn yín tó kàn, ẹ fún kọ̀ǹdọ́ ní ọ̀rọ̀ méjì péré. Ẹ jẹ́ ká mọ iye tó gbọ́dọ̀ kó fún dírẹ́bà lálẹ́, ká sì mọ ibi tó ń sùn. Bí ẹ̀rín bá ṣì kù níbẹ̀, n ó bá yín rín in.