Àpá Tàbí Ilà? Ọ̀rọ̀ Lórí Gìtá Àtijọ́ àti Ẹ̀dà Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé gìtá oníná kan jáde nínú àpótí. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó níbi tí apá onígìtá máa ń fara kàn, irin rẹ̀ ti dógùn-ún, ọrùn rẹ̀ sì ti dúdú bí igi tí ọwọ́ ti pa lára fún ọdún púpọ̀. Mo gbà á bí ẹni tí ó gba ọmọ tuntun, mo ní, "Iṣẹ́ àwọn àgbà nìyí! Ọwọ́ ẹni mélòó ni yóò ti gbà kọjá?" Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gìtá náà kò tí ì pé ọdún kan tí ó jáde ní ilé iṣẹ́. Àwọn tí ó ṣe é ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ ọ́ di arúgbó.

Ojú tì mí, inú sì bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ohun tí mo ń bínú sí. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn.

Èdè ni mo ń kọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ayédèrú ni ohun tí ó fi orúkọ ẹlòmíràn tan ẹni tí ń rà á. Ẹ̀dà ń jẹ́wọ́ pé ẹ̀dà ni òun. Ẹni tí ó ṣe gìtá lónìí, tí ó tà á fún aláìmọ̀kan bí ohun tí a ṣe ní 1959, olè ni; ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ẹ̀dà ni ó gba àròjinlẹ̀.

Ẹ wo gìtá Les Paul tí ilé iṣẹ́ Gibson ṣe ní Kalamazoo, ní Amẹ́ríkà, láàárín 1958 sí 1960, àwọn tí ara wọn pupa létí tí ó sì ń mọ́ lọ sí àárín bí oòrùn. Nígbà náà wọn kò tà dáadáa. Lónìí, owó tí ènìyàn lè fi kọ́ ilé ni a fi ń ra ọ̀kan, Gibson fúnra rẹ̀ sì ń ṣe ẹ̀dà wọn. Òòfà wà lábẹ́ okùn gìtá, a wé wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká; òun ni í gba ìró okùn kí ó tó dé inú gbohùngbohùn. Láyé ìgbà náà, iye ìgbà tí a wé wáyà náà kì í dọ́gba láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, nítorí náà ohùn wọn kò bára mu pátápátá. Ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀dà ohùn ọdún 1959, ti èwo ni ó ń ṣe? Igi pẹlẹbẹ tí ìka ń tẹ̀ lórí ọrùn rẹ̀ náà wá láti Brazil. Láti 1992 ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè ti dí òwò igi náà lọ́nà gidigidi, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀dà sì ń lo ti Íńdíà. N kò rí ẹ̀bi kankan nínú ìyẹn.

Àpá ni ó ń dùn mí. Ní 1995 ni ilé iṣẹ́ Fender, ní California, mú irú gìtá tí wọ́n ń pè ní Relic jáde: gìtá tuntun tí a ti họ lára kí ẹni tí yóò ta á tó rí i. Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ojú ilà ńkọ́? Ọgbẹ́ ni í bí àpá, kò sì sí ẹni tí ó yan ibi tí yóò wà. Ṣùgbọ́n akọlà mú abẹ, ó mọ ibi tí òun fẹ́ kí ó gbà. N kò bú ilà, bàbá bàbá mi kọ ọ́, ó sì bá a lẹ́wà mu. Kìkì pé kò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ogun ni ó ti gbà á.

Ní 1970, Eric Clapton ra gìtá Stratocaster mẹ́fà ní Nashville. Ó fi mẹ́ta tọrẹ, ó tú mẹ́ta tí ó kù, ó sì mú èyí tí ó dára jù nínú wọn to gìtá kan ṣoṣo, tí ó ń pè ní Blackie. Ẹ ò rí i pé ojúlówó tí aráyé ń wárí fún kò jáde bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kankan! Ọdún méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó fi ta á, títí di 1985, ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó jẹ́. Ní 2004 wọ́n tà á ní gbàǹjo ní 959,500 dọ́là. Ní 2006 Fender ṣe ẹ̀dà rẹ̀ 275, ti àwọn ti ojú ibi tí iná sìgá ti jó o. Sìgá kan jó igi kan lẹ́ẹ̀kan, ó sì di ojú iná 275. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á.

Ẹnìkan lè ní onígìtá tí ó fi ojúlówó pamọ́ sílé, tí ó gbé ẹ̀dà lọ sóde eré, ọlọ́gbọ́n ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kò nílò àpá tí a yá.

Ní alẹ́ Sátidé tí ó kọjá mo tún yẹ gìtá ọ̀rẹ́ mi wò. Ojoojúmọ́ ni ó ń ta á. Lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń sinmi lé, ọ̀dà ti ń ṣí sí i, nísàlẹ̀ ibi tí ilé iṣẹ́ ti họ ọ́. Mo tan iná sí i. N kò rí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní òun rí i.