Olórin Kún Èkó, Ilé Eré Dà?

Kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ kò dùn nígbà tí èrò kún gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀nù fọ́fọ́ fún alẹ́ mẹ́ta ní ọdún 2021 nítorí Wizkid, ọmọ Sùúrùlérè. Ní 2023, pápá bọ́ọ̀lù Tottenham ló tún kó èrò sí. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde gàdàgbà, àwọn ọmọ àdúgbò fò sókè, gbogbo wa ní Èkó ti di olú-ìlú orin. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan tí kò le. Bí àlejò bá dé bá yín ní Ojúẹlẹ́gba lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, tó ní òun fẹ́ gbọ́ orin, kì í ṣe orin inú ẹ̀rọ o, orin tí ènìyàn fi ọwọ́ lù, tó fi ẹnu fọn, níbo lẹ máa mú un lọ? Ẹ ronú sí i dáadáa. Òde ìnáwó tí wọn ò pè yín sí kò sí lára rẹ̀.

Èkó kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa tí wọn ò tíì bí nígbà náà, ẹnu àwọn àgbà la ti ń gbọ́ ọ, wọ́n á máa sọ ọ́ bí ẹni ń sọ oúnjẹ tó dùn. Bobby Benson ní Caban Bamboo lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ibẹ̀ ló padà di Hotel Bobby. Victor Ọláìyá ní Stadium Hotel ní Sùúrùlérè. Ebenezer Obey ní Miliki Spot. Sunny Adé ní ilé Àríyá ní Jíbówú. Fẹlá ní tirẹ̀ gba Empire Hotel ní Ìdí-Òro, kò jìnnà sí ilé tó ń gbé, ó sọ ibẹ̀ di Shrine. Orin wọn ò jọra, ìwà wọn ò jọra rárá, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó pa gbogbo wọn pọ̀: olórin fúnra rẹ̀ ni baálé ibi tó ti ń ṣeré.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń ṣeré nílé onílé, iye tí wọ́n bá là fún un ni yóò gbà, bí onílé bá sì jí lọ́jọ́ kan tó ní òun ò ṣe mọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ baálé, owó ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀ ni, owó bíà tirẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ fún un pé kó má dán orin tuntun wò. Bó bá kọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí kò wọ èrò lára, yóò tún un ṣe kó tó di Sátidé. Owó náà kò sì dúró sápò olórin nìkan. Bí eré bá ti ń lọ nínú ilé, ìyá olóúnjẹ ń bù níta, mállàm ń fẹ́ iná súyà, ọlọ́kọ̀ ń dúró de èrò tí yóò jáde ní aago mẹ́ta òru. Télọ̀ kan wà tó ń rán aṣọ ẹgbẹ́. Ẹnì kan wà tó ń tún gítà ṣe, ẹlòmíràn ń tẹ ìwé ìpolówó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Àdúgbò kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ eléré kan ṣoṣo, ẹ ka iye ẹnu tó ń bọ́.

Ilé eré yìí kan náà tún ni ilé ẹ̀kọ́. Nínú ẹgbẹ́ Cool Cats ti Ọláìyá ni Fẹlá ti kọrin kó tó ní tirẹ̀. Inú ẹgbẹ́ yìí náà ni Tony Allen wà nígbà tó ṣì kéré nídìí iṣẹ́, igi méjì tí wọ́n ń lù pọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un mú, kó tó di onílù tí gbogbo ayé ń wárí fún. Kò sí yunifásítì tó kọ́ Tony Allen ní ìlù. Òru Èkó ló kọ́ ọ.

Kí ló wá dé? Kì í ṣe ẹnì kan ló ba nǹkan jẹ́. Láàárín 1966 sí 1967 tí ìlú dàrú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ìgbò tó ń fọn fèrè nínú àwọn ẹgbẹ́ hailáìfù Èkó kó ẹrù wọn, wọ́n gba ìlà-oòrùn lọ. Ogun parí ní 1970, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìbọn kò padà sílé, adigunjalè wá gba òru mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tó di 1986 tí ìjọba Babangida gbé SAP dé, náírà já wálẹ̀, fèrè àti gítà tí à ń rà láti òkè òkun di ohun tí ọwọ́ olórin ò tó mọ́. Onílé ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́rìndínlógún tí yóò jẹun tí yóò sì gbowó, àbí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí yóò máa yí àwo? Ẹ̀yin náà mọ èyí tó mú. Ká má tíì dárúkọ iná mọ̀nàmọ́ná àti epo jẹnerétọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ṣé oníròyìn yìí ò rí òde àríyá ni?" Mo rí i. Àwọn onífújì àti onijùjú ni mo sì kí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí bí kò bá sí tiwọn, ìlù ì bá ti gbẹ ní Èkó tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí owó ibẹ̀ ṣe ń rìn. Wọ́n á san díẹ̀ sílẹ̀ fún olórin, ìyókù di ohun tí àwọn àlejò bá ná lé e lórí. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 sì ti sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni nínáwó lé ènìyàn lórí bẹ́ẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, tàbí kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹni tí kò gbọ́ la ṣe sí i. Ní 2024 ni EFCC bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn gbajúmọ̀ dé ilé ẹjọ́ lórí rẹ̀, ojú wá là. Iṣẹ́ tí apá tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ jẹ́ ohun tí òfin kọ̀, ta ni yóò lọ gba owó yá ní báǹkì lórí rẹ̀?

Èyí tó tilẹ̀ ń ká mi lára ju òfin lọ ni ohun tó ń ṣe orin fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń náwó ló ń yan ohun tí a ó gbọ́. Olórin tó fi ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ ka orúkọ olówó, tó ka ti ìyàwó olówó, tó ka ti àna olówó, nígbà wo ni yóò kọ èyí tó wà nínú rẹ̀? Àwọn ọ̀gá kan ṣì ń ta á yọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ti gbà pé oríkì ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Tó bá sì di Oṣù Kejìlá, ẹ ò ní mọ̀ pé ìlú kan náà ni. Àwọn ọmọ wa láti ìlú òyìnbó dé, eré lónìí, eré lọ́la, ní Erékùṣù Victoria, tábìlì tí owó rẹ̀ ń lọ sí mílíọ̀nù. Ó ń mówó wọlé, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Múṣín kò lè wọ ibẹ̀, àwọn tó bá sì fọn fèrè lẹ́yìn olórin ńlá lóṣù yẹn, oṣù mọ́kànlá ló kù fún wọn láti wá nǹkan mìíràn ṣe. Ilé ìjọsìn ló ń gbà wọ́n sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń wá ọmọ tó mọ dùrù tàbí dírọ́ọ̀mù lù dáadáa ní Èkó lónìí, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Sunday.

Ìjọba ní tiwọn, ilé ni wọ́n fẹ́ràn láti kọ́. Nígbà ìjọba Ambode, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn eré sí Ìgàndó, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì àti Orẹ̀gún. Tíátà Ńlá tí wọ́n kọ́ fún FESTAC 1977 náà, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é. Ilé dára. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn kì í kọrin. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni ta ló ń ṣeré níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, èló sì ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní kí ẹgbẹ́ ọmọdé wá san owó tí ilé iṣẹ́ ńlá ń san kó tó gun orí ìtàgé, a jẹ́ pé fún ìpàdé àti ìgbéyàwó ni wọ́n kọ́ ọ. Kí wọ́n gba owó epo lọ́wọ́ wọn, ó tó.

Ọ̀rọ̀ ariwo náà nìyí. Àjọ LASEPA ń ti ilé ọtí àti ilé ìjọsìn pa nítorí ariwo, n kò sì dá wọn lẹ́bi, torí ta ló fẹ́ kí ìlù máa dún létí ọmọ ọwọ́ ní aago méjì òru? Àmọ́ kí ìlú sọ ojú pópó tí ìlù ti lè dún di ìdájí, kí wọ́n fi iná àti ọlọ́pàá síbẹ̀, kí ọkọ̀ BRT sì máa kọjá níbẹ̀ lóru. Kí ẹni tó ń gba owó orí lọ́wọ́ onílé eré jẹ́ ẹnì kan. Báyìí, ti ìjọba ìbílẹ̀ á wá, ti ìpínlẹ̀ á wá, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ àdúgbò á wá gba tiwọn láì fúnni ní rìsíìtì. Ìjọba tún ṣòfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ni orin ní 2022, Ààrẹ Buhari sì buwọ́ lù ú ní 2023. Hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé iṣẹ́ rédíò tó ń fi orin pa owó gbọ́dọ̀ san. Kí wọ́n san án kó dé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Bẹ́ ẹ bá sọ pé kò ṣeé ṣe mọ́, ẹ lọ sí New Afrika Shrine ní Àgídíngbí. Láti ọdún 2000 ni àwọn ọmọ Fẹlá ti ṣí i, Fẹ́mi ṣì ń ṣeré níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti mẹkáníìkì sì ń wọlé. Baálé ni olórin níbẹ̀ náà, bíi ti àtijọ́.

Ẹ̀yin onílé ọtí Sùúrùlérè àti Agége, kì í ṣe ènìyàn mẹ́rìndínlógún la ní kẹ́ ẹ gbà. Mẹ́rin tó: gítà kan, ìlù kan, fèrè kan, olóhùn kan. Ọjọ́bọ̀ tí ilé máa ń dá, ẹ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ owó bíà ìgò kan, ẹ pín in sí méjì pẹ̀lú wọn, kẹ́ ẹ sì ṣe é fún oṣù mẹ́fà gbáko kẹ́ ẹ tó ní èrò ò wá.